Ohun Tí Adéwùmí Bèèrè Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Ṣakí,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Fẹ́búárì, 1984.

Adéwùmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì wọ inú egungun rẹ? Ọyẹ́ tiwa náà ń jà níhìn-ín. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti bo gbogbo nǹkan, ó dé inú ìkòkò omi. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. O ti rù. Má sọ fún mi pé kóòtù tí o wọ̀ ló fà á, nítorí kóòtù kì í sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn di kòtò. Jọ̀ọ́, máa jẹun.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò lónìí kò dùn. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni mo ti ń dáná ní ọsibítù. Ẹ̀kọ mímu àárọ̀ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ àwọn aláìsàn, ọwọ́ mi ni, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè ohunkóhun rí. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mélòó kan, ibà kan ti wọ inú wọ́ọ̀dù wa. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kíkán wá, ẹsẹ̀ á máa san, ibà á bẹ̀rẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, inú á wú, ara á máa gbóná lọ́sàn-án lóru. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni Dókítà Mákindé pè é. Kápúsù tó máa ń lé e lọ tẹ́lẹ̀ kò ran àwọn kan mọ́. Wọ́n á gbé e mì bí ẹni gbé ẹ̀pà mì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àwáwù, ìyàwó Ràmọ́nì àgbẹ̀ tó wà ní Àgò-Àmọ̀dù. Ó wá bímọ ni. Ó bí obìnrin, ìbí náà sì le díẹ̀, ni wọ́n bá ní kó sinmi lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀kọ lọ fún un lórí ibùsùn. Ó ní ẹ̀kọ mi dùn ju ti ìyá òun lọ, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìyá òun. Bí ibà ṣe mú un nìyẹn. Wọ́n fún un ní kápúsù, wọ́n tún fún un. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó kú. Ọmọ jòjòló náà wà lọ́wọ́ ìyá Ràmọ́nì.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà pè mí. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ fi ìdáná sílẹ̀ ná títí a ó fi mọ ibi tí ibà yìí ti ń wá." Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dé ẹnu géètì, àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbọ́. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra nígbà tí mo ń kọjá.

O kọ̀wé sí mi nígbà kan pé kòkòrò ni o ń kọ́ nípa rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. N kò bi ọ́ léèrè irú kòkòrò wo, mo rò pé ti àgbàdo ni. Bá mi bi àwọn ọ̀gá rẹ bóyá oògùn kan wà tó ju kápúsù yìí lọ. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ní kí n kí ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Àyọ̀ká.


Glasgow,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Fẹ́búárì, 1984.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú àráfẹ́rakù Àwáwù. Orí àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì jókòó síbẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mò ń jẹun, Màmá. Oúnjẹ tí mò ń jẹ ni kò ní ata.

Kòkòrò tí mò ń kọ́ kì í ṣe ti àgbàdo. Èyí tó ń dà yín láàmú gan-an ni. Sàmónẹ́là ni wọ́n ń pè é. Ojú lásán kò lè rí i. Láti ara àwọn aláìsàn ọsibítù ìlú yìí la ti ń gbà á fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ oògùn tó lè pa á àti èyí tí kò lè pa á mọ́, kí n sì mọ èyí tó bá èyí tan nínú wọn. Bí ẹnì kan bá ra kápúsù díẹ̀ lójú pópó, tó lò ó títí ara fi tù ú, tó sì pa ìyókù tì, àwọn kòkòrò tó lágbára jù ló máa ṣẹ́ kù sí i lára. Àwọn yẹn ló máa bímọ, àwọn ọmọ wọn kì í sì í bẹ̀rù kápúsù mọ́. Oògùn mìíràn wà, Dókítà Mákindé sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́dọ̀ yín. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, ó gbà. Mo ti kọ̀wé sí dókítà pé kí wọ́n mú kòkòrò àwọn aláìsàn náà hù nínú àwo ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi.

Màmá, ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Mo ti kọ ọ́, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ní díẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ yín. Yóò fún yín ní ìgò tí ẹ ó fi sí, á sì bá ti àwọn aláìsàn lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan oúnjẹ aláìsàn la máa ń ṣe é fún níbí. Ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà nílé,
Adéwùmí.


Ṣakí,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Máàṣì, 1984.

Adéwùmí,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara mi le.

Mo kà á ní pósí ọ́fíìsì, mo tún kà á nílé, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Imí èmi Àyọ̀ká! Kí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú! Èmi tí n kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Nígbà tí o wà ní kékeré tí inú ń run ọ́, èmi ni mò ń fọ tìrẹ. N kò ráhùn, iṣẹ́ ìyá ni. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwọ náà á jókòó sílùú òyìnbó, tí wàá máa bèèrè tèmi. Mo sọ fún Bọ́sẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ imí ló ń dùn mí. Àwọn ará ìta ń fura sí mi, mo ní kò burú, wọn kò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí. O mọ bí mo ṣe ń fọ ìkòkò, o mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé oúnjẹ mi. Oúnjẹ mi ni o jẹ dàgbà, ṣé o kú ni? Oògùn ni mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ní kí n wá jẹ́jọ́.

Má fi owó sítáǹpù ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ìyá rẹ.


Glasgow,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Épírì, 1984.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ foríjì mí. Bó bá jẹ́ pé mo wà nílé ni, n ì bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹ ì bá rí ojú mi, ẹ ì bá sì mọ̀ pé n kò rí yín fín. Ìwé kò ní ojú.

Ẹ ní mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ yín, Màmá. Kò sí ẹni tó mọ́ tó yín. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kì í wo ẹni tó mọ́ tàbí ẹni tó dọ̀tí. Ó lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orí má fọ́ ọ, kí inú má run ún, kó má sì mọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò jẹ́ kí n yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Mo ti yẹ ti èmi fúnra mi wò. Ọ̀gá mi náà ti yẹ tirẹ̀ wò, obìnrin tó níyì tó sì ti dàgbà ni. A kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n a wò ó.

Bí ẹ bá ṣì kọ̀, n kò ní bínú. Ẹ ṣáà fèsì.

Ọmọ yín,
Adéwùmí.


Glasgow,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Mée, 1984.

Màmá mi,

N kò tíì rí ìdáhùn. Mo gbọ́ pé wọ́n ti bọ́dà pa, mo sì ń rò ó bóyá ohun kan ti ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọjú wo àpótí lẹ́tà. Obìnrin onílé mi ti mọ̀, bó bá rí mi báyìí, á kàn mi orí.

Kòkòrò àwọn aláìsàn ti dé. Tiyín kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi, kí n rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí n lè kà á.

Adéwùmí.


Ṣakí,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Júùnù, 1984.

Adéwùmí ọmọ mi,

Má bínú pé mo dákẹ́. N kò ṣàìsàn. Inú ló ń bí mi níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ló ń tì mí pé mo ti bínú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ràmọ́nì wá sílé. Ọjọ́ Àìkú ni, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó pọn ọmọ. Odidi ọkùnrin! Ó pọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Àgò-Àmọ̀dù. Mo rò pé ìjà ló bá wá, mo di ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọlé, oòrùn ń pa ọmọ."

Mo ní kó wọlé. Mo bu omi fún un. Ó wo omi náà, ó wò mí, kò mu ún. Kò gbé e sílẹ̀ náà, ó kàn mú un dání.

"Mi ò wá bá yín jà," ó ní. "Àwáwù fẹ́ràn yín. Oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ fún mi, mi ò mọ èyí tí n ó gbà. Mo ní kí n wá bi ẹ̀yin fúnra yín. Ṣé láti ọwọ́ yín ni?"

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Kò jáde. Adéwùmí, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ̀. Gbogbo ìbínú tí mo ń bí sí ọ, mo fi ń bo àìmọ̀ náà mọ́lẹ̀ ni.

Mo ní, "Ràmọ́nì, mi ò mọ̀. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀. Ọmọ mi ló bèèrè, èmi ni mo kọ̀ fún un."

Ó ní, "Ẹ má kọ̀ fún un mọ́."

Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Bọ́sẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ìgò náà ti lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ. Bó bá dé, má ṣe gbé e fún ẹlòmíràn ṣe. Ọwọ́ rẹ ni kó jẹ́. Ohunkóhun tí o bá sì rí, kọ ọ́ sí mi bó ṣe rí gan-an. Má fi ṣúgà sí i.

Ìyá rẹ tó ń retí,
Àyọ̀ká.


Glasgow,
Ogúnjọ́, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1984.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n má fi ṣúgà sí i.

Kòkòrò ibà náà wà lára yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìwé sílẹ̀ níbí. Ẹ kà á tán.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń mú ohun tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan jogún jáde, tí yóò sì tò ní ìlà ìlà lábẹ́ iná. Ẹ fi wé ilà ojú. Bí ẹ bá rí ẹni tó kọ àbàjà àti ẹni tó kọ pélé, ẹ ó mọ̀ pé agboolé wọn lè má jẹ́ ọ̀kan náà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jọra. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí. Sàmónẹ́là ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìdílé méjì ni mo bá nínú ìgò tó ti ọsibítù yín wá.

Ìdílé kìíní ló pọ̀ jù. Kápúsù kò ràn án. Mo gbé oríṣiríṣi oògùn mìíràn kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó hù kọjá wọn bíi koríko tó hù gba ojú ọ̀nà, àfi ọ̀kan tó pa á, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí dókítà. Òun ló wà lára Àwáwù. Kò sí lára yín. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo tún un yẹ̀ wò, mo sì ní kí ọ̀gá mi wò ó láìsọ ẹni tó ni ín fún un. Kì í ṣe tiyín, Màmá.

Ìdílé kejì ni tiyín. Ó wà lára aláìsàn mẹ́ta. Kápúsù ṣì ń pa á. Dókítà Mákindé kọ̀wé pé ara àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yá, wọ́n ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n n kò rí ibòmíràn tó lè ti dé ara wọn bí kì í bá ṣe oúnjẹ yín.

Ṣé ẹ rántí ibà tó dá yín dùbúlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n yín ahunṣọ, lọ́dún tí Bàbá kú? Mo rò pé ìgbà yẹn ló wọlé. Ara yín yá, òun kò jáde tán. Inú àpò òróòro ló máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ kò lè mọ̀. Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni tí ì bá mọ̀.

Ti ìdílé kìíní, dókítà rò pé aláìsàn kan tó ti ń lo kápúsù láìlò ó tán ló gbé e wọlé, dókítà sì ti bá kòkòrò náà nínú kànga ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti dí kànga náà, wọ́n sì ti ń se omi.

Ẹ má ṣe dáná fún ẹlòmíràn mọ́ báyìí. Ẹ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n á fún yín ní oògùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n á sì tún yín yẹ̀ wò. Bí kò bá lọ, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ àpò náà. Nọ́mbà ló wà lára ìgò yín. Èmi àti Bọ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé tiyín ni. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí mo rí i, mo jókòó ní láàbù, mo gbé àwo tí kòkòrò yín hù sí dání. N kò fojú kàn yín láti ọdún mẹ́ta. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín: ó ṣe mí bíi pé ohun kan láti ara yín ló wá kí mi. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dé tí mò ń sunkún. Mo ní ìyá mi ni.

Adéwùmí yín.


Ṣakí,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1984.

Adéwùmí, Àjàní mi,

O ṣeun. Ibi tí o ní kí n má gbé ìwé sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo gbé e sílẹ̀ sí. Mo jáde lọ kó aṣọ tí mo sá, mo wọlé, mo kà á tán. O kò fi ṣúgà sí i. Ọlọ́run á fún ọ ní ọmọ tí yóò bá ọ sọ òótọ́.

Mo lọ bá Dókítà Mákindé, mo sọ fún un. Ó dìde lórí àga, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi, pé bí mo bá dé, iṣẹ́ wà fún mi níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ibùsùn. Àwọn mẹ́ta yẹn, a ti jọ lọ sílé wọn lọ bẹ̀ wọ́n. Méjì gbà. Ẹnì kẹta kò jẹ́ kí n wọlé. N kò bá a wí.

Lẹ́yìn náà, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àgò-Àmọ̀dù. Bọ́sẹ̀ ti sọ fún mi pé kí n sọ èyí tó kan Ràmọ́nì nìkan, kí n dákẹ́ lórí ìyókù. Mo bá a níbi tó ti ń sá àgbàdo sí oòrùn.

Mo ní, "Èyí tó pa Àwáwù kò ti ọwọ́ mi wá. Ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò títí."

Ó mí kanlẹ̀. Mo lè fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀, Adéwùmí. Àmọ́ ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ wá bi mí, n kò lè fún un ní ààbọ̀.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n òmíràn wà lára mi. Àwọn mẹ́ta kó o nínú oúnjẹ mi. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹ̀kọ kan náà ni mo ń gbé fún Àwáwù."

 Ìyá Ràmọ́nì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbé ọmọ, ó wọlé. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo yí padà láti máa lọ.

Ràmọ́nì ní, "Ẹ dúró, Màmá."

Ó wọ inú ilé, ó gbé bùtá àlùwàlá rẹ̀ jáde àti ọṣẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí mi lọ́wọ́. Mo fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dà á títí bùtá fi gbẹ. Ó wá ké sí ìyá rẹ̀ pé kó gbé Àṣíátù wá, orúkọ ọmọ náà nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Ó tún ké sí i. Ó gba ọmọ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Mi ò sí níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Oko ni mo wà, mo rò pé ara rẹ̀ á yá. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí bí ìyá rẹ̀ ṣe rí."

Mo bá sọ fún un. Mo ní bí ibà bá rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní kí n tú aṣọ lẹ́sẹ̀ ọmọ, kí òun lè wo ọmọ ìka rẹ̀. Á ní ẹsẹ̀ Ràmọ́nì ni, gbọọrọ báyìí, pé ọmọ yìí yóò fi rìn jìnnà. Ràmọ́nì kò gbọ́ ọ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín àgbàdo rẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bọ́sẹ̀ yóò mú mi lọ sí Ìbàdàn. Má dààmú. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ àpò náà, kí wọ́n yọ ọ́. Ràmọ́nì ní bí mo bá ti dé, kí n ránṣẹ́ sí òun, òun á gbé Àṣíátù wá kí mi.

Èmi ìyá rẹ, tí kò ní ohunkóhun nínú sí ọ,
Àyọ̀ká.